Ìbọn Kì í Ṣe Ẹrù Lásán

Ní Amẹ́ríkà, bí ìjọba bá gbé ọmọ-ogun láti ìpínlẹ̀ kan lọ sí òmíràn, tìyàwó tọmọ ni ó sábà máa ń kó lọ. Bí ó bá ní ìbọn tirẹ̀, kí ó kọ́kọ́ wádìí òfin ibi tí ó ń lọ: òfin Texas kọ́ ni ti California. Òfin àpapọ̀ ti ọdún 1986 dáàbò bo ẹni tí ń gbé ìbọn la ìpínlẹ̀ kọjá, bí ó bá ti yọ ọta inú rẹ̀, tí ó sì fi í sí ibi tí ọwọ́ kò ti lè tó o nínú ọkọ̀. Ẹ rántí pé ọjọ́ tí a ń kó ẹrù ni ilé ń dàrú, tí ọmọdé ń tú àpótí. Kí ẹni tí ó ni ìbọn tì í pa fúnra rẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ má sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Àwo tí ó fọ́ ṣeé rà. Ẹ̀mí ọmọ kò ṣeé rà.