Kí A Tó Wọ Bàálù Lọ Sí Chicago



A ti ń sọ ọ́ pé kí ẹgbẹ́ jọ lọ gbafẹ́ ní Chicago. Ó dára. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ báǹkì ni mò ń ṣe, mo sì bẹ̀ yín: ẹ má yáwó ṣe fàájì. Ẹ jẹ́ kí a máa dá àjọ rẹ̀ lóṣooṣù, kí oníkálukú sì gba físà kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án ló dára jù; òtútù etí adágún Michigan kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ wa. Lincoln Park Zoo kì í gba owó ìwọlé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sanwó wọ Art Institute, kí a béèrè òpó tí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà Ìkẹ̀rẹ́ láàárín 1910 sí 1914: ọba jókòó, olorì dúró gbọnyin lẹ́yìn rẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ baba wa ti dé ibẹ̀ ṣáájú wa. Kó má jẹ́ fọ́tò ilé gíga nìkan la ó fi han àwọn ọmọ wa.

A ó lọ re, a ó bọ̀ re.