Ọ̀nà Epo Ọkọ̀ Ológun Àtijọ́: Ìmọ̀ Àwọn Fítà láti Nima dé Suame

[Orin ìbẹ̀rẹ̀ ètò. Ohùn ẹ́ńjìnnì lọ́rì. Méjèèjì rọlẹ̀.]

Ètò àkànṣe tòní dá lórí ọ̀nà epo inú ọkọ̀ ológun àtijọ́, èyíinì ni táńkì tí epo ń gbé, páìpù tí ó ń gbà kọjá, asẹ́ tí ó ń gba ìdọ̀tí lára rẹ̀, pọ́ǹpù tí ó ń fà á, àti ẹ̀rọ kékeré tí ó ń pín in fún ẹ́ńjìnnì. Bí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti dúró sójú kan fún ọdún mélòó kan, irin rẹ̀ lè ṣì le koko, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì lè ṣì máa yí, ṣùgbọ́n táńkì rẹ̀ yóò ti dípẹtà, rọ́bà inú pọ́ǹpù rẹ̀ yóò ti gan, ihò tín-ínrín tí epo ń gbà yóò sì ti dí. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà yìí dunjú ni ó lè jí ọkọ̀ náà dìde. Ìmọ̀ yìí, tí àwọn fítà, ìyẹn àwọn mẹkáníìkì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n ní Gánà, ń fi ọwọ́ kọ́ ara wọn ní àdúgbò bíi Nima, jẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ó jinlẹ̀, ó sì tó ohun tí àwùjọ ń kọ sílẹ̀ kí ó má baà parun.

Nima wà ní àríwá àárín ìlú Accra, níbi tí ó ti pààlà pẹ̀lú Newtown, Mamobi àti Kanda. Ní nǹkan bí ọdún 1931 ni Málàmù Futa, tí ó jẹ́ Fúlàní adaranmàlúù, gba ilẹ̀ níbẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Gà tí ó ni ilẹ̀, tí ibùdó náà sì di zongo, èyí tí í ṣe àdúgbò tí àwọn àlejò, pàápàá àwọn Mùsùlùmí láti àríwá àti láti orílẹ̀-èdè mìíràn, ń gbé. Àwọn Yorùbá kò jìnnà sí ibẹ̀, nítorí Lagos Town ni orúkọ tí Newtown ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìlọrin sì kún ọjà Gánà títí di ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Dókítà Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó kó ẹrù sínú lọ́rì, tí wọ́n gba Lomé àti Cotonou kọjá wá sílé, nítorí náà, ìtàn lọ́rì Accra kì í ṣe ìtàn àjèjì sí ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ ti Gánà dé.

Ogun Àgbáyé Kejì ni ó sọ Nima di ńlá. Láti ọdún 1940 ni wọ́n ti ń kó àwọn ọkọ̀ òfuurufú ogun wá sí Takoradi, èbúté kan ní Gánà, tí àwọn ọkọ̀ náà ń gba Accra, Èkó, Kánò àti Khartoum kọjá lọ sí Íjíbítì, nígbà tí Amẹ́ríkà sì wọ ogun náà, pápákọ̀ òfuurufú Accra di ibùdó pàtàkì fún wọn. Ọdún 1941 ni wọ́n dá ilé ìwòsàn ológun tí a mọ̀ sí 37 sílẹ̀, kò sì jìnnà sí Nima. Àwọn tí ń wá iṣẹ́ ní ibùdó ológun wá ń ya wọ àdúgbò náà, nítorí pé ibẹ̀ súnmọ́ ibi iṣẹ́, ilé ibẹ̀ kò sì wọ́n.

Ọkọ̀ akẹ́rù ni ó gbé ogun náà. Láàrin ọdún 1941 sí 1945, iléeṣẹ́ Vauxhall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe Bedford QL tí ó lé ní 50,000, nígbà tí General Motors ní Amẹ́ríkà ṣe èyí tí ó lé ní 500,000 nínú lọ́rì GMC tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní sílíńdà mẹ́fà, tí gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń fa ẹrù. Epo bẹntirólù ni àwọn méjèèjì ń mu. Nígbà tí ogun parí, a ta irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fún aráàlú ní ọ̀pọ̀ ibi lágbàáyé, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Manila ní Philippines ṣe sọ jíìpù Amẹ́ríkà di ọkọ̀ èrò tí wọ́n ń pè ní jeepney. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Bedford tí kì í ṣe ti ológun, tí wọ́n kan pákó sí lẹ́yìn, ni ó di bọ́lẹ̀kájà tí gbogbo ayé mọ̀.

Àwọn ọmọ Gold Coast, bí Gánà ṣe ń jẹ́ nígbà náà, tí wọ́n gbà sí iṣẹ́ ológun nígbà ogun ju 60,000 lọ, púpọ̀ nínú wọn ni ó sì rìn dé Burma. Àwọn kan nínú wọn kọ́ ìwakọ̀, àwọn mìíràn kọ́ bí a ti ń tú ẹ́ńjìnnì àti bí a ti ń tò ó padà. Wọ́n dé ilé, iṣẹ́ kò sì sí, owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń retí kò tó nǹkan, ìdí nìyí tí wọ́n fi wọ́de lọ sí ilé gómìnà ní Christiansborg ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1948, tí ìbọn sì pa Sájẹ́ńtì Adjetey, Kópúrà Attipoe àti Odartey Lamptey lójú ọ̀nà. Àwọn tí ó ní iṣẹ́ ọwọ́ kò dúró de ìjọba: iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ní bárékè ni wọ́n fi ń jẹun, tí wọ́n sì fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́. Ní Kumasi, ibùdó àwọn fítà tí ó tóbi jù ní Gánà, Suame Magazine, ṣì ń jẹ́ orúkọ ilé ìkóhun-ìjà tí àwọn fítà àkọ́kọ́ yí ká.

[Ohùn irin lára irin.]

Ó yẹ kí olùgbọ́ mọ ohun tí fítà ń ṣe gan-an. Nínú ọkọ̀ oníbẹntirólù, pọ́ǹpù tí ẹ́ńjìnnì ń yí ni ó ń fa epo láti inú táńkì wá sí kábúrétọ̀, èyí tí í ṣe àwo kékeré tí ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ kí ó tó wọ sílíńdà. Oòrùn ilẹ̀ wa ni ọ̀tá àkọ́kọ́ fún ètò yìí, nítorí pé bí páìpù bá gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀sọ́ọ̀sì kọjá, epo inú rẹ̀ yóò hó, yóò di oru, pọ́ǹpù kò sì ní rí nǹkan fà mọ́, ọkọ̀ yóò wá kú sí ojú ọ̀nà lọ́sàn-án gangan. Àwọn awakọ̀ a máa da omi sórí pọ́ǹpù tàbí kí wọ́n fi aṣọ tútù wé e, èyí sì ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n fítà tí ó gbọ́n yóò yí ọ̀nà páìpù náà padà kúrò níbi iná, yóò sì fi pọ́ǹpù oníná mànàmáná sí ẹ̀gbẹ́ táńkì kí ó máa ti epo síwájú dípò kí a máa fà á láti ọ̀nà jíjìn.

Táńkì ni iṣẹ́ tí ó gba sùúrù jù. Wọ́n á tú u sílẹ̀, wọ́n á da òkúta wẹ́wẹ́ tàbí ẹ̀wọ̀n irin sínú rẹ̀, wọ́n á sì máa mì ín títí ìpẹtà yóò fi ṣí kúrò lára rẹ̀. Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni pé táńkì tí epo ti tán nínú rẹ̀ léwu ju èyí tí ó kún lọ nígbà tí a bá fẹ́ jó o mọ́ra, nítorí oru epo tí ó kù nínú rẹ̀ ni ó ń bú gbàmù, kì í ṣe epo fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ wẹ́ẹ̀dì táńkì gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ dáadáa, kí ó sì rọ omi kún inú rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ibi tí iná yóò kàn, kí ó tó tan iná rárá.

Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì yàtọ̀. Kò ní kábúrétọ̀, kò sì ní púlọ́ọ̀gì. Afẹ́fẹ́ ni ó ń fún pọ̀ títí tí afẹ́fẹ́ náà yóò fi gbóná, tí pọ́ǹpù àgbà yóò sì tu epo sínú rẹ̀ láti ẹnu nọ́súlù pẹ̀lú agbára tí ó ju ìlọ́po 100 agbára afẹ́fẹ́ tí ó yí wa ká lọ. Nítorí náà, kò sí fítà tí ó lè sọ ẹ́ńjìnnì bẹntirólù di ti dísẹ́ẹ̀lì nípa pípààrọ̀ páìpù àti pọ́ǹpù nìkan, àfi kí ó pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì náà látòkèdélẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣètò àsìkò tí nọ́súlù kọ̀ọ̀kan yóò tu epo jẹ́ ẹ̀kọ́ gígùn tí rédíò kò lè kọ́ni tán, ó sì tó kí olùgbọ́ mọ̀ pé afẹ́fẹ́ díẹ̀ tí ó bá ráyè wọ páìpù yóò dá gbogbo iṣẹ́ náà dúró, ìdí nìyí tí fítà fi ń tú nọ́ọ̀tì lẹ́nu asẹ́ kí ó lé afẹ́fẹ́ jáde títí epo gidi yóò fi máa dà.

Ìtàn kan wà lórí ẹ́ńjìnnì yìí tí ó kan Áfíríkà gbọ̀ngbọ̀n, tí ó sì dùn mọ́ni gidigidi. Rudolf Diesel, ará Jámánì tí ó dá a sílẹ̀, ṣàṣeyọrí pẹ̀lú rẹ̀ ní ọdún 1897. Ní ọdún 1900, níbi ìpàtẹ ńlá tí ó wáyé ní Paris, iléeṣẹ́ Otto gbé ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kékeré kan jáde, òróró ẹ̀pà ni ó sì ń mu, ìyẹn ẹ̀pà tí àwọn ìyá wa ń yan. Diesel fúnra rẹ̀ ni ó ròyìn rẹ̀ lẹ́yìn náà pé ìjọba Faransé ni ó béèrè fún un, nítorí ẹ̀pà tí ó pọ̀ ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso ní Áfíríkà, àti pé ẹ́ńjìnnì náà ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ débi pé ìwọ̀nba ènìyàn ni ó mọ̀ pé kì í ṣe epo ilẹ̀ ni ó ń mu. Kò tán síbẹ̀. Ní ọdún 1937, ọ̀mọ̀wé kan ní Bẹ́ljíọ̀mù tí ń jẹ́ Chavanne gba ìwé ẹ̀rí lórí ọ̀nà tí a lè gbà sọ epo pupa di epo ọkọ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 1938, bọ́ọ̀sì èrò fi epo tí wọ́n ti ara epo pupa ṣe rìn láti Brussels lọ sí Louvain. Ohun tí a fi ń se ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ gbé èrò rìn ní Yúróòpù! Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ da epo pupa lásán sínú lọ́rì rẹ̀, nítorí pé ó ki ju bí ó ti yẹ lọ, yóò sì dí nọ́súlù. Àtúnṣe tí Chavanne ṣe ni láti sọ ọ́ di fífúyẹ́ kí ó tó dé inú ẹ́ńjìnnì.

Àwọn ológun fẹ́ràn èrò pé ẹ́ńjìnnì kan lè mu onírúurú epo, nítorí ojú ogun kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yan epo. Láti àwọn ọdún 1960 síwájú, Amẹ́ríkà fi ẹ́ńjìnnì kan tí ó lè mu dísẹ́ẹ̀lì, kẹrosíìnì tàbí bẹntirólù sínú lọ́rì M35 wọn. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lára pọ́ǹpù rẹ̀ tí ń mọ bí epo ṣe fúyẹ́ tó, tí ó sì ń fi kún un bí ó bá jẹ́ bẹntirólù, nítorí pé agbára bẹntirólù inú ife kan kò tó ti dísẹ́ẹ̀lì. Bí ọkọ̀ náà bá ti gbó, ẹ̀rọ yìí a máa jò, ọ̀pọ̀ alátùn-únṣe a sì máa gbé páìpù yí i ká, kí wọ́n fi ìwọ̀n kan ṣoṣo sílẹ̀. Àtúnṣe tí ó dára ni, ṣùgbọ́n dísẹ́ẹ̀lì nìkan ni ó yẹ kí ọkọ̀ náà máa mu láti ọjọ́ náà lọ.

Epo fúnra rẹ̀ náà ń yí padà. Ní ìpàdé tí ó wáyé ní Dakar ní ọdún 2001, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà fẹnu kò láti yọ òjé kúrò nínú bẹntirólù, nígbà tí ó sì di ọdún 2006, ó ti kúrò ní ìhà gúúsù Sàhárà. Èyí gba ọpọlọ àwọn ọmọdé là, ṣùgbọ́n òjé yìí ni ó ń dáàbò bo ìjókòó fáàfù inú ẹ́ńjìnnì àtijọ́, nítorí náà fítà ní láti fi òrùka irin líle síbẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2017, Gánà dín imí ọjọ́ tí ó wà nínú dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń kó wọlé kù láti ìpín 3,000 nínú mílíọ̀nù sí 50. Afẹ́fẹ́ ìlú mọ́ sí i, àmọ́ bí wọ́n bá ti yọ imí ọjọ́ kúrò, dísẹ́ẹ̀lì kì í yọ̀ bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́ àfi bí wọ́n bá fi èròjà mìíràn kún un, pọ́ǹpù àtijọ́ tí epo nìkan ń yọ̀ fún sì lè tètè jẹ.

Àwọn àtúnṣe kan wà tí ètò yìí kò lè gbóríyìn fún. Àwọn kan a máa gbé jẹ́ríkéènì epo sínú ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, kí wọ́n fi rọ́bà fà á tààrà sí kábúrétọ̀ nígbà tí pọ́ǹpù bá ti kú. Àwọn mìíràn a yọ asẹ́ dànù nítorí ó ń dí. Àwọn mìíràn a sì fi ẹnu fa epo, èyí tí ó lè wọ ẹ̀dọ̀fóró kí ó sì pa ènìyàn. Ní alẹ́ ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2015, ní Kwame Nkrumah Circle tí kò jìnnà sí Nima, iná sọ ní ilé epo kan nígbà tí àgbàrá òjò kún ibẹ̀, ènìyàn tí ó lé ní 150 sì bá iná àti omi náà lọ. Ìlú tí ó ti rí irú èyí kò yẹ kí ó tún máa gbé epo sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀.

Ọ̀rọ̀ ṣì pọ̀ nílẹ̀ lórí àwọn ọmọ iṣẹ́, lórí ọdún tí wọ́n ń lò lọ́dọ̀ ọ̀gá kí wọ́n tó gba fìrídọ́ọ̀mù, àti lórí iṣẹ́ tí yunifásítì Kumasi bẹ̀rẹ̀ ní Suame ní ọdún 1980 láti mú ìmọ̀ ìwé bá ìmọ̀ ọwọ́ pàdé, ṣùgbọ́n àsìkò tí a yà sọ́tọ̀ fún ètò yìí ti pé. Ohun tí ó kù láti sọ ni pé kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní Gánà àti ní Nàìjíríà rán ènìyàn lọ jókòó ti àwọn àgbà fítà nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n mọ̀ nípa pọ́ǹpù, asẹ́ àti táńkì sílẹ̀ ní Yorùbá, ní Hausa, ní Gà àti ní Twi, nítorí ìwé tí ó bá àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí wá kò mọ oòrùn Accra, àwọn fítà ni wọ́n mọ̀ ọ́n.

[Orin ìparí.]