Ibo Gan-an ni Ọ́ìlì Yẹn Ti Ń Jò?

Bóyá inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ lẹ ti ń gbọ́ mi, bóyá ẹ ń fọ abọ́ lọ́wọ́, ẹ fetí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì tó ń jo ọ́ìlì la fẹ́ sọ lónìí, torí owó ńlá ló ń bá a lọ.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ: ibi tí ọ́ìlì ti ń kán kọ́ ni ibi tó ti ń jò. Ṣé ẹ mọ òrùlé tó ń jò? Omi lè máa kán sórí bẹ́ẹ̀dì yín, kó jẹ́ pé apá ibòmíì ni páànù ti lu. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ́ìlì ṣe ń ṣàn wálẹ̀ lára ẹ́ńjìnì, tí atẹ́gùn sì ń gbé e sẹ́yìn bí ọkọ̀ bá ń sáré.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jò. Ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ ọkọ̀ lálẹ́, kẹ́ ẹ wò ó láàárọ̀. Tó bá jẹ́ omi tó mọ́ gaara, omi AC ni, ẹ fọkàn balẹ̀. Tó bá pupa tó sì ń yọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ́ìlì gíà. Tó bá jẹ́ aláwọ̀ ewé tàbí píǹkì, tó sì ṣàn bí omi, kúláǹtì rèdíétọ̀ ni. Èyí tó dúdú tàbí tó rí bíi tíì tó ki, tó ń yọ̀ lọ́wọ́, ọ́ìlì ẹ́ńjìnì nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ fa géèjì yọ. Kí ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ́ńjìnì ti kú fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ nù ún, ẹ tì í padà, ẹ tún fà á. Láàárín àmì méjèèjì ló yẹ kí ọ́ìlì wà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, nǹkan bíi lítà kan ló wà láàárín wọn. Ẹ́ńjìnì 1.8 tó wà nínú Corolla 2003 sí 2008, lítà 3.7 ló ń gbà pẹ̀lú fíltà. Lítà kan tó bá lọ ti ju ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan lọ.

Tí iná pupa tó rí bíi kẹ́tùrù bá tàn nígbà tẹ́ ẹ ń wakọ̀ lọ, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sọ pé ilé ti kù díẹ̀. Irin ló ti fẹ́ máa ha irin nínú níbẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ti tó kí ẹ́ńjìnì nọ́ọ̀kì.

Àbúrò mi ọkùnrin ní Corolla 2004 tó fi ń gbé èrò lórí áàpù. Mẹkáníìkì kan wo abẹ́ ọkọ̀, ó rí ọ́ìlì níbi tí ẹ́ńjìnì àti gíábọ́ọ̀sì ti pàdé. Ó ní ọ́ìlì sílì ẹ̀yìn ló ti bàjẹ́, àfi kí wọ́n sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀. Iye tó pè tó owó ilé oṣù mẹ́ta. Mo ní, “Ọ̀gá, ṣé ẹ ti fọ ẹ́ńjìnì yìí wò?” Ó ní kò pọn dandan. A gbé ọkọ̀ wa.

Nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù, a fi ọ̀rá bo alternator àti àwọn wáyà, a fi omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Bó ṣe gbẹ, a wọ́n pówdà ọmọdé díẹ̀díẹ̀ sáwọn oríkèé rẹ̀. Àbúrò mi wà á fún ogún ìṣẹ́jú. A pa á, a tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, a sì ti fóònù sẹ́yìn ibi tí orí èèyàn ò lè dé, a ń ṣe fídíò. Ẹ ṣọ́ra fún sàlẹ́ńsà o, ó máa ń gbóná!

Fídíò yẹn fi gbogbo ẹ̀ hàn. Igun tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà lókè ni pówdà ti rin, ọ́ìlì wá ń ṣàn lọ sórí gíábọ́ọ̀sì. A yọ coil, ọ́ìlì tún wà nínú ihò pílọ́ọ̀gì méjì. Gáskẹ́ẹ̀tì ni! Ooru ti sọ rọ́bà rẹ̀ di líle. A ra tuntun, a nu ojú ibẹ̀ mọ́, a fi sílíkóònù bíńtín sí igun tó yẹ, a sì ń dì í díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi agbára dì í, ẹ má sì kun sílíkóònù kúnkún: èyí tó bá já sínú lè dí ojú asẹ́ ọ́ìlì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, páálí ṣì gbẹ.

Ẹ yẹ PCV náà wò, fáàfù kékeré tó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnì mí. Tó bá dí, èéfín inú á máa ti ọ́ìlì jáde, gáskẹ́ẹ̀tì tuntun náà á tún jò. Ẹ yọ ọ́, ẹ mì í. Tí ò bá dún, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ọ́ìlì, ẹ kọ́kọ́ wo fíltà àti nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀. Nínú Corolla tí mo sọ yìí, ẹ wo tensioner ṣéènì tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnì: nọ́ọ̀tì 10 méjì ló dì í mú, òrùka rọ́bà kékeré inú rẹ̀ ló sì sábà máa ń jò. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tún un dè ni kó tú u, kí ẹnikẹ́ni má sì yí ẹ́ńjìnì nígbà tó bá wà níta.

Tí òkè bá gbẹ pátápátá, tí ọ́ìlì ṣì ń yọ níbi gíábọ́ọ̀sì, ó ti di ọ̀rọ̀ sílì ẹ̀yìn nìyẹn, ẹ san owó rẹ̀. Kó tó di ìgbà yẹn, ẹ sọ fún mẹkáníìkì yín pé: “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi hàn mí.” Ẹni tó mọṣẹ́ ò ní bínú.

Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń kán sílẹ̀. Ó dàbọ̀ o.