Kí Omi Tó Yalé: Owó Ìjọba àti Àmánà Ará Ìlú
Ọ̀rọ̀ ìjókòó wáàsí ní Mọ́lété, Ìbàdàn

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó ń rọ òjò láti sánmà, tí ó sì fi làákàyè ta ọmọ ènìyàn lọ́rẹ. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ará nínú ẹ̀sìn, kò sí àgbàlagbà Ìbàdàn tí ó ní láti béèrè ohun tí Omíyalé jẹ́. Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya. Ó gbé ilé, ó gbé ọjà, ó gbé ènìyàn lọ. Òkú tí wọ́n kà lé ní 200. Odò kan náà sì ti ṣe ọṣẹ́ ní ọdún 1978, ọdún méjì péré ṣáájú. Ìkìlọ̀ ti wá, ṣùgbọ́n owó kò tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn ìgbà tí òkú ti sùn ni owó jí. Ní ọdún 1981 ni òfin dá àpò owó tí wọ́n ń pè ní Ecological Fund sílẹ̀, kí apá kan nínú owó àpapọ̀ Nàìjíríà máa lọ sí ìdènà ọ̀gbàrá, àgbàrá tí ń jẹ ilẹ̀ àti ọ̀dá. Ìjọba àpapọ̀ sì gbé iṣẹ́ kọnkéré sí ojú odò Ògùnpa.

Ṣé ọ̀ràn wá parí bí? Rárá. Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2011, tí ó jẹ́ Jímọ̀ ìkẹyìn nínú Rámàdáánì ọdún náà, òjò ńlá dé ní ìrọ̀lẹ́. Omi tún gba ìlú. Ó wó afárá Àpẹ̀tẹ̀, ó wọ inú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 100. Àwọn tí wọ́n ń múra fún Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ di ẹni tí ń wá òkú ọmọ wọn kiri.

Àwọn kan a máa wí pé kádàrá ni. Òtítọ́ ni pé òjò kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bí kò ṣe Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n Ọlọ́hun kọ́ ni ó kọ́ ilé sí ojú ọ̀nà omi. Òun kọ́ ni ó da ìdọ̀tí sínú Kúdẹtì. Ànábì kọ́ ẹni tí ó ní ràkúnmí pé kí ó kọ́kọ́ so ó mọ́lẹ̀, kí ó tó gbára lé Ọlọ́hun. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtàn Ànábì Yúsúfù rí. Nínú ọdún ọ̀pọ̀ ni ó ti ní kí wọ́n tọ́jú ọkà pamọ́ de ọdún ìyàn. Kò dúró kí ebi kọ́kọ́ pa Íjíbítì tán. Ìjọba tí ó ń ná owó kí àjálù tó dé, ọ̀nà Yúsúfù ni ó tọ̀.

Ní oṣù kẹfà, ọdún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là fún ètò ìdènà omíyalé ní Ìbàdàn. Ìgbà Gómìnà Abíọ́lá Ajímọ̀bi ni, ìjọba Ṣèyí Mákindé sì tẹ̀síwájú nínú rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 2019. Láti inú rẹ̀ ni wọ́n ti tún àwọn afárá àti ojú odò ṣe, tí wọ́n sì tún dáàmù Elẹ́yẹlé ṣe, èyí tí wọ́n kọ́ láti ọdún 1942.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀: owó yìí kì í ṣe ẹ̀bùn. Gbèsè ni. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń kọ́ alífábẹ́ẹ̀tì lónìí ni yóò bá wọn san án. Nítorí náà, ẹni tí ó bá jí nínú rẹ̀, ọmọ tí kò tíì gbọ́n ni ó jà lólè. Ẹni tí ó sì da pàǹtí sínú gọ́tà tí wọ́n fi gbèsè là, òun náà ti bá wọn ba àmánà jẹ́.

Ẹ wo ìtàn Zul-Qarnayn nínú Súratul-Kahfi. Àwọn ènìyàn kan fẹ́ san owó fún un kí ó mọ odi sáàárín àwọn àti Yájúju òun Májúju. Kò gba owó wọn. Agbára ọwọ́ wọn ni ó béèrè, ó sì fi irin àti bàbà yíyọ́ mọ odi náà. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀: kí olórí má ṣe fi àjálù ṣòwò, kí ará ìlú má ṣe káwọ́ gbera, kí iṣẹ́ náà sì lágbára. Àwọn àgbà wí pé ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Afárá tí omi wó, bí wọ́n bá tún un kọ́ bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, omi ni wọ́n kọ́ ọ fún.

Ọ̀rọ̀ kan kù, ó sì korò. Tálákà tí ilé rẹ̀ wà létí odò, ta ni ó ta ilẹ̀ náà fún un? Ta ni ó gba owó tí ó sì dákẹ́? Kò tọ́ kí wọ́n wó ilé rẹ̀ lásán, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ nínú òjò. Bí kò bá rí ibòmíràn lọ, etí odò náà ni yóò padà sí. Owó tí yóò fi rí ibùgbé wà lára owó ìdènà àjálù. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ti san tirẹ̀ fún, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti padà wá.

Kí òjò tó tún wọlé, kí ìjókòó mọ́sálásí kọ̀ọ̀kan yan àwọn ọ̀dọ́ tí yóò kó ìdọ̀tí kúrò nínú gọ́tà àdúgbò. Kí àwọn àgbà lọ sí ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àdúgbò wọn àti iṣẹ́ tí wọ́n fi í ṣe. Bíbéèrè àmánà kì í ṣe ọ̀tẹ̀.

Kí Ọlọ́hun kẹ́ àwọn tí omi gbé lọ ní 1980 àti 2011, kí Ó sì fún àwọn alààyè ní ọgbọ́n kí omi tó tún yalé. Àmín.