Ọ̀RỌ̀ AKỌ̀WÉ NÍPA IGI ỌDÁN ÀTI GỌ́TÀ ỌJÀ



Káńsù ti kọ̀wé sí wa pé àwọn fẹ́ gé igi ọdán iwájú ààfin kí gọ́tà tuntun lè gba ibẹ̀. Gọ́tà yẹn, a fẹ́ ẹ. Gbogbo wa la rí ẹ̀wà tí omi gbé lọ lọ́jọ́sí. Ṣùgbọ́n abẹ́ igi yẹn ni ìyá mi ti ta iyọ̀ tó fi rán mi níléèwé. Ṣé gọ́tà ò lè yà díẹ̀ ni? Mo fẹsẹ̀ wọn ibẹ̀ fúnra mi, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́jọ lọ. Àwọn ọmọ alátà ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Òfin ìlú ọdún 1999 sọ pé iṣẹ́ káńsù ni ọjà àti gọ́tà. Ní July 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí owó káńsù máa bọ́ sọ́wọ́ wọn tààrà. Bí owó ọ̀hún ò bá tíì dé, kí wọ́n sọ ọ́ síta. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ńkọ́, tí wọn ò jẹ́ kí wọ́n gé? UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2005.

Ọjọ́ Mọ́ńdè, aago mẹ́wàá, ká pàdé ní káńsù. Ẹ mú tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ ti já lọ́dún yìí dání, kí wọ́n rí i pé à ń sanwó.