Nígbà tí Olùṣọ́-Àgùntàn Bá Di Apànìyàn

(Ọ̀rọ̀ tí àwa ẹ̀ka Èkó sọ níbi ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú Ìlú wa)

 

Nígbà tí Ìgbìmọ̀ ní kí àwa ẹ̀ka Èkó wá sọ̀rọ̀, a mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò máa retí ọ̀rọ̀ ọ̀nà, tàbí ti omi ẹ̀rọ, tàbí ti ilé ìwé. A kò gbàgbé wọn. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni ń rin ọ̀nà, ènìyàn ni ó sì ń mu omi ẹ̀rọ. Bí a kò bá lè pa ẹ̀mí àwọn ọmọ wa mọ́, ta ni a ń tún ìlú ṣe dè? Ìdí nìyí tí a fi yàn láti sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ó ṣòro láti sọ láàrín àwùjọ, èyíinì ni ọ̀rọ̀ àwọn olórí ẹ̀sìn tí wọ́n pa àwọn tí ó fi ọkàn tán wọn.

A fẹ́ kí ó yé yín láti ìbẹ̀rẹ̀ pé a kò wá láti bu ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Nínú wa ni Kristẹni wà, nínú wa ni Mùsùlùmí wà, nínú wa náà ni àwọn tí ń bọ òrìṣà ilé baba wọn wà. Olórí ẹ̀sìn ni ó kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ní ìwé, àwọn ni wọ́n sọ wá lórúkọ, àwọn ni wọ́n sì sin òkú wa. Nítorí pé a bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ náà ni a fi gbọdọ̀ mọ ẹni tí ó ń fi í bo ìwà ìkà mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2006, ní Ajao Estate ní ìlú Èkó, Chukwuemeka Ezeugo, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Reverend King, olórí ìjọ Christian Praying Assembly, kó mẹ́fà nínú àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ jọ. Ó fi ẹ̀sùn àgbèrè kàn wọ́n. Ilé ẹjọ́ rí i dájú pé wọ́n jẹ lílù, pé a da bẹtiróòlù sí wọn lára, àti pé ó ṣáná sí wọn. Ọmọbìnrin kan nínú wọn kò là á já. Ọjọ́ mọ́kànlá ni ó fi jẹ ìrora, ó sì kú ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni a gbé ọkùnrin yìí dé Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Ìkẹjà. Ẹ̀sùn mẹ́fà ni a kà sí i lẹ́sẹ̀: ọ̀kan jẹ́ ti ìpànìyàn, márùn-ún jẹ́ ti ìgbìyànjú láti pànìyàn. Ó ní òun kò jẹ̀bi. Kò pé oṣù mẹ́rin tí ẹjọ́ náà fi parí. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2007, Adájọ́ Joseph Oyewole dá a lẹ́bi, ó sì ní kí a so ó rọ̀ títí ẹ̀mí yóò fi bọ́ lára rẹ̀. Ó pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ní oṣù Kejì ọdún 2013, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn fi ọwọ́ sí ìdájọ́ náà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì ọdún 2016, Ilé Ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní ilẹ̀ Nàìjíríà náà fi ọwọ́ sí i. Ilé ẹjọ́ mẹ́ta ni ó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, ohùn kan náà ni wọ́n sì sọ.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ jẹ́ kí a ronú díẹ̀. Àwọn mẹ́fà wọ̀nyí kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Wọn kì í ṣe ẹrú tí a fi owó rà. Ìwọ̀fà pàápàá kò sí nínú wọn. Síbẹ̀ ènìyàn kan ṣoṣo ni ó di olùfisùn wọn, òun ni ó di adájọ́ wọn, òun náà ni ó sì di ẹni tí ń jẹ wọ́n níyà. Àwọn àgbà ní, ẹni tí a ní kí ó kín ni lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Ẹni tí a ní kí ó fẹ́ ni lójú, ó fi ata sẹ́nu. Kí ni ó mú ọmọ ènìyàn jókòó títí tí ẹ̀gún fi dé ẹ̀yìn rẹ̀?

Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro láti rí bí a bá wo àwọn ẹjọ́ irú èyí ní ilẹ̀ mìíràn. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Jim Jones dá ìjọ kan sílẹ̀ tí à ń pè ní Peoples Temple. Ó ń bọ́ ebi, ó ń tọ́jú arúgbó, ó sì ń gba dúdú àti funfun mọ́ra ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ìjọ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ fi jẹ́ ènìyàn dúdú. Wọ́n kó ohun ìní wọn lé e lọ́wọ́. Nígbà tí ó di ọdún 1977, ó kó ọ̀pọ̀ wọn lọ sí inú igbó ní ilẹ̀ Guyana, níbi tí ìbátan kò ti lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn ẹbí tí ó kù sílé ni wọ́n fi ariwo ta títí tí aṣòfin kan, Leo Ryan, fi lọ wò wọ́n ní oṣù Kọkànlá ọdún 1978. Ní ọjọ́ 18 oṣù náà ni wọ́n yìnbọn pa á pẹ̀lú ènìyàn mẹ́rin ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Ní ọjọ́ náà gan-an ni Jones ní kí ìjọ rẹ̀ mu májèlé. Àwọn ọmọdé ni wọ́n kọ́kọ́ fún mu. Àpapọ̀ àwọn tí ó kú ní ọjọ́ náà jẹ́ 918.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àtijọ́ ni ìyẹn, kí ó wo ilẹ̀ Kẹ́ńyà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, àwọn ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí hú òkú jáde nínú igbó Shakahola, ní ẹ̀gbẹ́ ìlú Malindi. Òkú tí wọ́n hú jáde lé ní 400, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. A fi ẹ̀sùn kan Paul Mackenzie, olórí ìjọ wọn, pé ó ní kí wọ́n fi ebi pa ara wọn kí wọ́n lè tètè rí Jésù. Ní ọdún 2024 a gbé e dé ilé ẹjọ́, ó sì ní òun kò jẹ̀bi.

Bí a bá fi àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wé ara wọn, a ó rí i pé ikú kọ́ ni ó máa ń kọ́kọ́ dé. Olórí náà á kọ́kọ́ ṣe oore. Lẹ́yìn èyí ni yóò wí fún ọmọ ìjọ pé àjẹ́ ni ìyá rẹ̀, tàbí pé ayé ni àwọn ará ilé rẹ̀ ń ṣe. Lẹ́yìn náà ni yóò gba owó rẹ̀, tí yóò sì mú un wá sí abẹ́ òrùlé ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni pàṣán. Nígbà tí pàṣán bá sì ti di ìwẹ̀nùmọ́ ẹ̀ṣẹ̀, kò sí ohun tí kò lè tẹ̀lé e mọ́. Ẹni tí a bá ti gé kúrò lára ẹbí rẹ̀, ta ni yóò sá tọ̀?

Níbi yìí ni àwa pẹ̀lú gbọdọ̀ jẹ́wọ́ ẹ̀bi tiwa. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá kan láti ìlú wa wá sí ìpàdé wa ní Èkó. Ó ní ọmọbìnrin òun ti kó lọ gbé inú ilé àdúrà kan, pé kò wálé mọ́, pé nígbà tí òun lọ wò ó, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti lé òun padà. Ó sunkún lójú wa. Kí ni a sọ fún un? A ní ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni, pé kò kan ẹgbẹ́. A kó owó ọkọ̀ lé e lọ́wọ́, a sì bọ́ sí orí ọ̀rọ̀ aṣọ ẹgbẹ́. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni ọmọ náà sá jáde ní òru, láìsí bàtà lẹ́sẹ̀, pẹ̀lú àpá pàṣán ní ẹ̀yìn rẹ̀. Ọlọ́run ni ó yọ ọ́, àwa kọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa wà lọ́jà, orí ọmọ sì wọ́.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òfin dẹ́rù bà yín. Abala 38 nínú òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fún olúkúlùkù ní àyè láti ṣe ẹ̀sìn tí ó wù ú. Ṣùgbọ́n abala 33 nínú òfin kan náà ni ó dáàbò bo ẹ̀mí olúkúlùkù. Kò sí aṣọ àlùfáà, kò sí láwàní, kò sí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn tí ó gba ènìyàn láyè láti na ọmọ ọlọ́mọ tàbí láti tì í mọ́lé.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a fi síwájú ìpàdé yìí. Èkínní, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, nílé àti lókè òkun, yan ọkùnrin méjì àti obìnrin méjì tí ẹbí lè mú irú ẹjọ́ báyìí tọ̀ wá, tí yóò sì bá wọn lọ wo ọmọ náà níbi tí ó wà. Èkejì, bí wọ́n bá kọ̀ láti jẹ́ kí a rí ọmọ wa, kí ẹgbẹ́ mú ọ̀rọ̀ náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá ní ọjọ́ náà gan-an, kí a má ṣe dúró de ìpàdé oṣù tí ń bọ̀. Ẹ̀kẹta, kí ilẹ̀kùn wa máa ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá padà wá. Kí a má ṣe bú u, kí a má sì fi í ṣe ẹlẹ́yà, nítorí ìtìjú wà lára ohun tí ń dá ọ̀pọ̀ wọn dúró sí ibi tí wọ́n ti ń jìyà.

Ìyá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí jókòó láàrín wa lónìí. Ó ti dárí jì wá. Ṣùgbọ́n ìdáríjì rẹ̀ kò tó, bí ìyá mìíràn bá tún wá ní ọdún tí ń bọ̀ tí a sì tún fi owó ọkọ̀ dá a lóhùn.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí àwọn ọmọ wa sí, kí ìlú wa má sì ṣe bàjẹ́ mọ́ wa lórí.