Ilẹ̀ Ọ̀dá Tó Tún Rúwé

 

Ọ̀rọ̀ igbó wa tó ń tán ni wọ́n ní kí n sọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba Niger lọ, orílẹ̀-èdè tó bá Benin pààlà lápá àríwá, torí ojú wọn ti rí ju tiwa lọ.

Láti 1968 dé 1973, ọ̀dá ńlá mú ilẹ̀ Sahel. Òmíràn tún dé ní 1984. Màlúù kú, èèyàn ṣí kúrò nílé. Àwọn onímọ̀ kan ní aginjù Sàhárà ló ń rìn bọ̀ wá sí gúúsù. Ṣùgbọ́n àwòrán tí sátẹ́láìtì ń yà láti ojú ọ̀run fi hàn pé ewé ti padà sí ibi púpọ̀ níbẹ̀.

Kí ló fà á? Òjò tó padà ni àkọ́kọ́. Àwọn kan tún fi èéfín tó ń pọ̀ sí i nínú afẹ́fẹ́ kún un, torí ewé ń rí oúnjẹ nínú rẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òjò tó ń rọ̀ ní gúúsù Zinder kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti òdìkejì ẹnubodè ní Nàìjíríà, síbẹ̀ igi oko ti Niger ló pọ̀ jù. Ọwọ́ ènìyàn wà níbẹ̀.

Wọn ò gbin igi o. Èyí tí ìjọba gbìn, púpọ̀ ló kú. Gbòǹgbò àtijọ́ ló ṣì wà láàyè nínú ilẹ̀; ọ̀mùnú tó ń yọ lára kùkùté ni àgbẹ̀ máa ń gé dànù tó bá ń ro oko. Láti nǹkan bí 1985 ni wọ́n ti ń dá a sí: wọn á fi èyí tó gbó díẹ̀ sílẹ̀, wọn á fi ìyókù dáná. Wọ́n fẹ́ràn igi tí Haúsá ń pè ní gawo, tó ń wọ́wé lásìkò òjò, tí kì í ṣíji bo ọkà, tó sì ń rúwé fún ẹran lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Ilẹ̀ tí wọ́n ṣe báyìí tó mílíọ̀nù 5 hẹ́kítà.

Kí ló dé tí wọn ò ṣe é tẹ́lẹ̀? Òfin tí Faransé fi sílẹ̀ ní tìjọba ni igi oko. Ẹni tó bá gé e yóò san owó ìtanràn. Ta ni yóò tọ́jú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀? Ìgbà tí aláṣẹ igbó dẹwọ́, tí igi di ti olóko, ló tó pọ̀.

Kétu ò gbẹ tó Zinder. Ṣùgbọ́n ẹ wo àpò èédú tó ń wọ ọkọ̀ jáde, ẹ wo iná ìgbẹ́ lásìkò ọyẹ́. Nínú àṣà wa, ẹni tó gba ilẹ̀ dáko kì í gbin igi, kó má baà sọ ilẹ̀ di tirẹ̀. Igi tó wá hù fúnra rẹ̀ láti kùkùté ńkọ́, tí àgbàro náà sì tọ́jú rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, ti ta ni? Kábíyèsí, ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ jẹ́ kí a fẹnu kò lórí èyí kí iná ìgbẹ́ ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀.